Kí A Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

N kò mọ ojú Tadej.
Ohun tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ kò tó ẹyọ ìrẹsì kan,
ó léfòó nínú ìgò kékeré,
nọ́ńbà lára ìgò, ọjọ́ ìbí,
àti ọ̀rọ̀ mẹ́rin láti ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ:
Iwájú ọpọlọ, apá òsì.

Wọ́n ní olóyin ni, ní abúlé kan lókè odò Sava.
Àpótí oyin mọ́kànlélógójì ló ní,
ó ya àwòrán sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ó mọ̀ wọ́n bí ẹní mọ ọmọ rẹ̀.
Lóṣù Kẹta ó dúró láàárín wọn,
ó bi Neža aya rẹ̀ pé,
"Ta ló ni gbogbo èyí?"

Àwòrán orí fi ohun funfun kan hàn,
bí àtùpà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.
Orí ń fọ́ ọ.
Dókítà kan ní Kranj ṣàánú rẹ̀,
ó fún un ní oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀.
Ta ni yóò bá a wí? Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀.
Ní ọjọ́ kẹrin Tadej ń ka àpótí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
Neža ń pe àwọn aládùúgbò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni abẹ́rẹ́ tó wọlé,
láti inú ihò tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ.
A fi ìda bo ohun tó mú jáde.
Ìda, fún olóyin! Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí.
Mo gé e, ó fẹ́lẹ́ ju ìyẹ́ kòkòrò lọ,
mo rẹ ẹ́ sínú aró, mo gbójú lé awò.
Mo rí àwọn agbálẹ̀ ara tí ń kó pàǹtírí.
Ẹni tí mo ń wá ti jáde nílé:
oògùn ti yọ́ ọ
bí yìnyín orí òrùlé àpótí oyin.

Mo kọ ọ́ pé, "N kò rí i."
N kò kọ ọ́ pé, "Kò sí."
Ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà síra,
ṣùgbọ́n létí ẹni tó ń retí, ọ̀kan náà ni wọ́n.
Ọ̀gá mi ní ṣé n kò kúkú ní dárúkọ kan.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
mo wo ilé, ilé dá páropáro.

Lóṣù Kẹjọ, ó padà.
Wọ́n gbé e dé Ljubljana, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀.
Èmi fúnra mi ni mo tẹ yàrá iṣẹ́ abẹ láago:
"Ẹ má tíì fún un ní oògùn yẹn.
Kó fara da orí fífọ́ di ọ̀la."
Ọ̀rọ̀ ìkà ni. Mo sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e wá ní tútù.
Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, mo kùn ún, mo wò.
Wọ́n wà níbẹ̀.
Sẹ́ẹ̀lì ńláńlá, wọ́n ṣù bo òpó ẹ̀jẹ̀
bí oyin tó ṣí kúrò nílé tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka.
Mo ní kí oníṣẹ́ abẹ dáwọ́ dúró:
èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ jáde.

Ó ku aró kejì, tí kì í mú gbogbo ara,
ọmọ ìdílé kan ṣoṣo ló ń mú:
sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó máa ṣọ́ wa.
Gbogbo wọn gba àwọ̀ oyin igbó.
Ọlọ́dẹ ló di olè.
Mo kọ orúkọ náà: lìǹfómà, ti ọpọlọ.

Ó yẹ kí ìpè Neža lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀. Ó ṣìnà wọ ọ̀dọ̀ mi.
"Jẹjẹrẹ ni?"
"Bẹ́ẹ̀ ni."
Ohun kan ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, oyin tàbí ẹ̀rọ.
"Ṣé ó ń gbọ́ oògùn?"
"Irú èyí máa ń gbọ́. Nígbà mìíràn."
"Nígbà mìíràn," ló wí, bí ẹni ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lóṣù Kọkànlá, ìgò oyin dúdú kan dé.
Wọn kò kọ ẹni tó fi ránṣẹ́.
N kò mọ ọwọ́ ta ló fún un, tirẹ̀ tàbí ti aya.
Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò mi. N kò tíì ṣí i.